Ọjọ́ Méjìlélógójì Láì Rí Tanwíji

Alága ti ń bọ̀ lórí kẹ̀kẹ́ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wọ ọgbà ilé ìwé, bíréèkì rẹ̀ kò sì ṣiṣẹ́. Àmọ̀dá, akọ̀wé rẹ̀, ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan na agboòrùn sí i lórí, ó fi ọwọ́ kejì fa ìjókòó kẹ̀kẹ́ náà sẹ́yìn kí Alága má baà wọ inú oko ẹ̀gẹ́ lọ. Bó ṣe ń sáré ló ń kígbe pé, "Ẹ yàgò o! Alága fẹ́ẹ́ dúró! Wọ́n fẹ́ẹ́ dúró!" Kẹ̀kẹ́ náà kò dúró títí tó fi kan ògiri kíláàsì kẹta. Alága sọ̀kalẹ̀, ó gbọn ekuru kúrò lára kóòtù rẹ̀, ó ní bí òun ṣe máa ń dé síbi tó bá ṣe pàtàkì nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ kò sí ní Ọ̀tà ní ọdún 1954, ẹ jẹ́ kí n fi í hàn yín. Orúkọ rẹ̀ ní kíkún ni Ọ̀gbẹ́ni Ezekiel Àpọ́nlé Ògúndèyí. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló fi ṣe wolé-wolé. Tọ́ọ̀ṣì gígùn kan àti ìgbakọ kan ni irinṣẹ́ rẹ̀. Yóò wọlé láì kan ilẹ̀kùn, yóò ṣí ìkòkò omi onílé, yóò tanná sí i. Bó bá rí tanwíji kan ṣoṣo, ọmọ ẹ̀fọn tí kò tíì níyẹ̀ẹ́, tó ń yí bìrìpé nínú omi, yóò kọ ìwé ìpẹ̀jọ́ fún ìyá onílé lójú ẹsẹ̀. Àwọn obìnrin Ọ̀tà sọ pé ó dá tanwíji mọ̀ ju bó ṣe dá àwọn ọmọ tirẹ̀ mọ̀ lọ. Nígbà tí àwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í fi iṣẹ́ ìlú lé àwọn ọmọ ìlú lọ́wọ́, wọ́n dá Ìgbìmọ̀ Ẹ̀kọ́ òun Ìmọ́tótó sílẹ̀, wọ́n sì fi í ṣe alága. Ìmọ́tótó ló mọ̀. Ní ti ẹ̀kọ́, ó gbà pé ẹ̀ka kan lára ìmọ́tótó ni.

Lẹ́tà kan ló gbé e wá lọ́jọ́ náà. Ó wọ kíláàsì, ó gun orí pèpéle tíṣà, ó wo yíká.

"Ta ni Ìyádùnní? Ta ni Fàlílù?"

Àwọn méjèèjì dìde. Ìyádùnní jẹ́ ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìndínlógún kan tí ẹfun máa ń wà ní ìgúnpá rẹ̀ nígbà gbogbo. Ọ̀dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ ló ń gbé. Fàlílù jẹ́ ọmọ télọ̀ kan ní Ṣàngó, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi.

"Ẹ̀yin ọmọdé méjì yìí," ni Alága wí, ó sì fún Àmọ̀dá láyè láti gbè é.

"Ẹ gbọ́ o!" ni Àmọ̀dá wí.

"Gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti òkè dé ìsàlẹ̀, ló jí láàárọ̀ òní. Kò sẹ́ni tó tíì jẹun níbẹ̀. Ohun tí wọ́n ń bi ara wọn ni pé, àwọn tó ń bọ̀ láti Ọ̀tà yìí, irú aṣọ wo ni wọ́n máa wọ̀?"

"Irú aṣọ wo, Sà!"

"Irú ìkíni wo ni wọ́n máa kí wa?"

"Kí ni wọ́n máa sọ, Sà!"

Ó sọ̀rọ̀ báyìí títí agogo oúnjẹ ọ̀sán fi lù. Tíṣà Jìbírílù, tíṣà sáyẹ́ǹsì, ló wá sọ ohun tó wà nínú lẹ́tà náà gan-an fún àwọn ọmọ. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tó máa ń kọ́kọ́ nu awò ojú rẹ̀ kó tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ó ní àwọn onímọ̀ kan wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ilé iṣẹ́ wọn wà létí adágún omi ńlá kan. Iṣẹ́ wọn ni láti wo ohun gbogbo tó ń gbé inú omi tí kò níyọ̀: ẹja, ìgbín, kòkòrò, ewé. Wọ́n fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ méjì láti Ọ̀tà wá bá wọn ṣiṣẹ́ fún oṣù méjì, ẹni tó bá sì lọ, àwọn ni yóò rán an níwèé dé òpin. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó lọ, àwọn ọmọ náà gbọ́dọ̀ máa lọ sí odò ìlú wọn lójoojúmọ́ fún ọjọ́ méjìlélógójì, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n bá rí sílẹ̀, kí wọ́n sì bu omi odò náà sínú ìgò pẹ̀lú àwọn nǹkan ẹlẹ́mìí tó wà nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹtàlélógójì, obìnrin òyìnbó kan, Mísì Tọ́nà, yóò wá láti Ìbàdàn láti yẹ̀ wọ́n wò. Bí wọ́n bá ti múra, ọkọ̀ ń dúró dè wọ́n ní Àpápá. Bí wọn kò bá múra, àwọn ọmọ Adó-Odò ni yóò lọ.

Ìyádùnní gbọ́ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ní "rán an níwèé dé òpin" ló há sí i létí. Ìparí ọdún yẹn ni ìwé tirẹ̀ yẹ kó parí. Ìyá ìyá rẹ̀ ti ra agbọ̀n ẹ̀gẹ́ tuntun sílẹ̀ dè é.

"Alága, Sà," ni Tíṣà Jìbírílù wí, "mo rò pé kí àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí odò láti ọ̀la."

"Tíṣà, mo ti ka lẹ́tà náà," ni Alága dáhùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí bí mo ṣe mọ̀ pé kò kà á. Gọ́ọ̀mù ṣì so ojú ewé kejì mọ́ ti ìkíní. "Ìmúrasílẹ̀ ni wọ́n béèrè. Ta ló sì mọ ìmúrasílẹ̀ jù mí lọ?"

"Kò sí, Sà!" ni Àmọ̀dá wí.

Báyìí ni ìmúrasílẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi fọ́ọ̀kì jẹun. Ẹ̀wà ni Alága ní kí wọ́n fi kọ́ ọ, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wọn kò sì gbọdọ̀ gbé fọ́ọ̀kì sókè kí òun tó ka oókan dé ẹ̀ta. Fàlílù jẹ ẹ̀wà mọ́kànlá ní wákàtí kan. Ó ní bó bá jẹ́ bí wọ́n ṣe ń jẹun lọ́hùn-ún nìyẹn, òun ti mọ ìdí tí wọ́n fi máa ń fi ilé wọn sílẹ̀ wá síbí.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n kọ́ òtútù. Alága ránṣẹ́ sí Èkó kí wọ́n fi ọkọ̀ ẹrù gbé yìnyín wá, kí àwọn ọmọ lè jókòó tì í kára wọn sì mọ̀ ọ́n. Àpò yìnyín náà wọ ọkọ̀ ní gígùn ènìyàn kan. Dírẹ́bà dúró jẹun ní Ṣàngó. Nígbà tí wọ́n gbé àpò náà délé ìwé, ó ti di àpò tútù lásán. Alága ní kò burú, ó ní kí wọ́n jókòó ti àpò náà, kí wọ́n máa gbọ̀n. Wọ́n jókòó. Wọ́n gbọ̀n. Àmọ̀dá gbọ̀n jù wọ́n lọ.

Ní Ọjọ́rú, wọ́n kọ́ ìrìn ojú òkun. Ọkọ̀ ọlọ́pọ́n kan ni wọ́n fi lọ́rì gbé wá láti Adó-Odò, tí wọ́n gbé lé orí igi ọ̀pẹ méjì níwájú ọ́fíìsì. Àwọn lébírà mẹ́rin ń mì í láti ẹ̀gbẹ́ kan sí ìkejì. Alága ní òun yóò kọ́kọ́ fi hàn wọ́n bí ẹni pàtàkì ṣe ń jókòó nínú ìgbì. Ó wọ inú ọkọ̀ náà, ó tẹ́ ọwọ́ lé orúnkún, ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kan tí ó pe orí rẹ̀ ní "Òkun àti Ojúṣe Wa." Kò tíì dé ojúṣe tó fi bì sára Àmọ̀dá.

"Ìgbì lèyí o!" ni Àmọ̀dá kígbe, ó ń nu àyà rẹ̀. "Alága ti rí ìgbì!"

Ọjọ́bọ̀ àti ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n fi ń kọ́ Ìdúpẹ́. Ojú ewé mẹ́rin ni Ìdúpẹ́ náà, orúkọ Alága sì wà nínú rẹ̀ nígbà mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Alága ní kí wọ́n mọ̀ ọ́n sórí kí wọ́n lè kà á fún àwọn onímọ̀ náà létí adágún.

Ibo ni àyè odò wà nínú gbogbo èyí? Kò sí. Nítorí náà, kí oòrùn tó yọ, kí wọ́n tó lọ síbi fọ́ọ̀kì, Tíṣà Jìbírílù máa ń mú àwọn ọmọ méjèèjì lọ sí odò Atúwárá. Wọ́n máa ń ká aṣọ sókè wọ inú omi. Ìyádùnní ní ìwé kan tí èèpo rẹ̀ ti rọ̀ nítorí ọ̀rinrin. Ó ya àwòrán ìṣáwùrú, ó ka iye wọn lábẹ́ òkúta kọ̀ọ̀kan. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó rí kòkòrò dúdú kan tó gun ewé jáde nínú omi. Ẹ̀yìn rẹ̀ là, lámilámi kan sì fa ara rẹ̀ jáde nínú rẹ̀, ó tutù, ìyẹ́ rẹ̀ ká jọ bí ìwé tí wọ́n rún.

"Tíṣà, ṣé ẹ rí i?" Ó nawọ́ sí i. "Inú omi ló ti wá! Lámilámi, inú omi ló ti wá!"

"Kọ ọ́ sílẹ̀," ni Tíṣà wí. Awò ojú rẹ̀ ti rin, kò sì rántí nù ún.

Ohun tó jọ ọ́ lójú jù ni ti ẹ̀gẹ́. Níbi tí àwọn obìnrin ti ń rẹ ẹ̀gẹ́ fún fùfú, omi rẹ̀ a máa kan, ó sì ṣe àkíyèsí pé láti ibẹ̀ lọ sísàlẹ̀, ìṣáwùrú kò sí mọ́. Ekòló pupa wẹ́wẹ́ ló kún ibẹ̀. Ó ń fi ẹsẹ̀ wọn ọ̀nà lọ. Ní ogójì ìṣísẹ̀, ìṣáwùrú ìkíní tún yọjú.

Ó bi ìyá ìyá rẹ̀, Màmá Ràfátù, tó wà nínú omi títí dé orúnkún, tó ń bó ẹ̀gẹ́.

"Màmá, ìgbà wo ni ìṣáwùrú ti kúrò níbí?"

"Ṣé èmi ni mo lé wọn ni?" ni Màmá wí. "Bí o bá fẹ́ kọ mí sínú ìwé òyìnbó, kọ ọ́ pé mo kí wọn o."

Wọ́n kó ìgò mẹ́fà jọ, tí àwọn ohun ẹlẹ́mìí wà nínú wọn, wọ́n tò wọ́n sójú fèrèsé kíláàsì sáyẹ́ǹsì. Fàlílù bu omi ìdákẹ́jẹ́ kan létí odò, tanwíji bí ogún sì ń yí bìrìpé nínú rẹ̀. Ìgò yẹn ni Alága rí ní ọjọ́ kejìdínlógójì, nígbà tó wá wo bí wọ́n ṣe kun ògiri.

Ẹ ò lè mọ bó ṣe rí. Àwọ̀ rẹ̀ yí padà. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn láì wẹ̀yìn, bí ó ti máa ń ṣe látijọ́, Àmọ̀dá sì fi tọ́ọ̀ṣì sí i lọ́wọ́. Ọ̀sán gangan ni. Ó tan tọ́ọ̀ṣì náà sí ìgò.

"Tanwíji," ni ó wí jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà ó pariwo. "Tanwíji! Nínú ilé ìwé! Lábẹ́ ìjọba mi! Ta ló ni ìgò yìí?"

"Ti àwọn tó wà nínú ẹ̀ ni, Sà," ni Fàlílù wí.

"Alága, Sà, ohun tí wọ́n ní ká mú wá nìyẹn," ni Tíṣà Jìbírílù wí.

"Tíṣà! Ṣé kí òyìnbó wá láti Ìbàdàn, kí ó wá bá kòkòrò nínú omi Ọ̀tà? Lẹ́yìn ọdún mẹ́rìndínlógún? Kí wọ́n máa sọ pé, Àpọ́nlé náà kọ́, odò rẹ̀ ni kòkòrò kún yìí?"

Ó jókòó, ó kọ ìwé ìpẹ̀jọ́ sí ìgò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, nọ́ńbà kìíní dé ìkẹfà. Ó gbọ́ ẹjọ́ náà lójú ẹsẹ̀, nítorí òun náà ni alága ìmọ́tótó. Ó dá wọn lẹ́bi. Ó ní kí Àmọ̀dá da karosíìnì sí wọn. Ìyádùnní dúró tì wọ́n títí tí kò fi sí ohun tó ń mira mọ́ nínú ìgò kankan.

Lẹ́yìn náà ni ó béèrè ìwé wọn. Ó ka ojú ewé kan nínú ti Ìyádùnní, ibi tí wọ́n ya ekòló sí, ó sì pa á dé kíákíá bí ẹni tó ṣí ilẹ̀kùn ẹni tó ń wẹ̀. Ó tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù ọ́fíìsì pẹ̀lú ti Fàlílù. Ó ní kí Àmọ̀dá fi ọwọ́ ìkọ̀wé dáadáa kọ ìwé tuntun, ọjọ́ méjìlélógójì, èyí tí kò ní kó ìtìjú bá ìlú.

"Ìwọ ọmọbìnrin," ni ó wí fún Ìyádùnní, "má dààmú ara rẹ mọ́. Mo ti ronú sí i. Irú ìrìn-àjò báyìí nílò aṣáájú. Àyè méjì ló wà. Fàlílù yóò gba ọ̀kan, èmi yóò gba ìkejì."

Ìyádùnní wo pákó ilẹ̀ níbi tí karosíìnì kán sí, ó sì ń wò ó títí Tíṣà fi ní kó máa lọ sílé.

"Ìrúbọ ńlá ni Alága ṣe yìí o!" ni Àmọ̀dá wí.

Ọjọ́ kẹtàlélógójì pé. Wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ẹnu ọ̀nà ilé ìwé lọ́ṣọ̀ọ́. Àwọn ọmọ Ìgbìmọ̀ jókòó ní ìlà kan, Alhaji Mùsílíù, igbákejì alága, sì wà lára wọn. Ẹni tó dákẹ́ ni, tí kì í sọ̀rọ̀ ní ìpàdé àfi láti béèrè pé aago mélòó ló lù. Tábìlì kan wà láàárín, wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sí i, ohun kan sì wà lábẹ́ aṣọ funfun mìíràn lórí rẹ̀. Alága wọ kóòtù mẹ́ta lórí ara wọn, nítorí pé kò mọ èyí tó dára jù.

Mísì Tọ́nà bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ kékeré kan tí ẹrẹ̀ bò. Bàtà rọ́bà tó dé orúnkún ló wọ̀. Alága wo bàtà náà, ó wo ojú ọ̀nà, ó ń retí kí òyìnbó gidi sọ̀kalẹ̀. Nígbà tí kò sí ẹlòmíràn, ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ, Tíṣà Jìbírílù sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn ará ìlú. Lẹ́yìn ìdajì wákàtí, Mísì béèrè pé níbo ni ìgò omi wà.

Alága fa aṣọ funfun kúrò. Ìgò mẹ́fà wà níbẹ̀, a fi rìbọ́ọ̀nù so wọ́n lọ́rùn, omi inú wọn sì mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn fi ń rí ojú Àmọ̀dá ní òdì kejì.

"Ẹ wò ó, Mísì! A sè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. A fi álọ́ọ̀mù sí i. A fi aṣọ sẹ́ ẹ. Kò sí ẹyọ ohun ẹlẹ́mìí kan níbẹ̀." Ó ṣí ọ̀kan, ó dà á sí gíláàsì, ó gbé e mì.

"Ẹ ti mu ún," ni Mísì wí.

"Mo ti mu ún," ni Alága wí, ó nu ẹnu.

Mísì ṣí ìwé tí Àmọ̀dá kọ. Ó kà á sókè. "Ọjọ́ kìíní. A dé odò. Omi mọ́. A kò rí nǹkan kan. Ìyìn ni fún Ìgbìmọ̀." Ó ṣí i síwájú. "Ọjọ́ kejì. Omi mọ́. A kò rí nǹkan kan." Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún, ó hàn pé ó ti rẹ Àmọ̀dá: "Bíi ti àná." Ó kà á dé ọjọ́ kejìlélógójì láì fo ọ̀kan, ojú rẹ̀ sì ń yí padà díẹ̀díẹ̀. Alága rò pé ìyanu ni.

"Ọjọ́ méjìlélógójì," ni Mísì wí. "Kò sí ẹja. Kò sí ìgbín. Kò sí tanwíji pàápàá."

"Kò sí ẹyọ kan!" Alága fẹsẹ̀ múlẹ̀.

"Odò tí nǹkan kan kò lè gbé inú rẹ̀ fún ọjọ́ méjìlélógójì, májèlé ló wà nínú rẹ̀. Ènìyàn mélòó ló ń mu ún?"

"Gbogbo ìlú, Mísì!" ni Àmọ̀dá dáhùn tayọ̀tayọ̀.

"Ta sì ni olórí ìmọ́tótó níbí?"

"Èmi ni!" ni Alága wí. Ẹ wò ó, ẹnu rẹ̀ ti sọ ọ́ kí ó tó gbọ́ ohun tí wọ́n bi í.

Mísì fa pẹ́ńsùlù yọ. Ó ní òun yóò kọ̀wé sí Ajẹ́lẹ̀ lọ́sàn-án yẹn. Ó ní títí dókítà yóò fi yẹ omi náà wò, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pọn ún, kò gbọdọ̀ fọṣọ nínú rẹ̀, kò gbọdọ̀ rẹ ẹ̀gẹ́ síbẹ̀, ìjọba yóò sì bi olórí ìmọ́tótó léèrè ohun tó dà sínú odò.

Tíṣà Jìbírílù túmọ̀ rẹ̀. Ó túmọ̀ rẹ̀ dáadáa, kò yọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀, mo sì rò pé ọjọ́ yẹn nìkan ni kò kọ́kọ́ nu awò ojú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà fò dé etí odò. Kò pẹ́ tí àwọn obìnrin fi kún ọgbà, tàwọn ti agbọ̀n, omi ẹ̀gẹ́ ń kán lára wọn. Màmá Ràfátù ló ṣáájú.

"Àpọ́nlé! Ọmọ Ògúndèyí! Wọ́n ní o ti pa odò!"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, mi ò pa odò."

"Lọ́dún tí mo bí àbígbẹ̀yìn mi, tanwíji mẹ́ta lo rí nínú ìkòkò mi tó o fi gbé mi lọ sí kóòtù. Lónìí o ní kò sí ẹyọ kan nínú odò gbàràmù-gbaramu. Níbo lo kó wọn sí?"

"Kó wọn jáde!" ni obìnrin mìíràn wí. "Bàbá wa ló bá wọn níbẹ̀!"

Òógùn bo Alága nínú kóòtù mẹ́ta. Bó bá ní odò mọ́, odò ti kú lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá ní odò kò kú, ìwé irọ́ ló fún òyìnbó.

"Mísì," ni ó wí kélékélé, "àwọn díẹ̀ lè wà."

"Mélòó?"

"Bíi… méjì."

"Méjì!" ni àwọn obìnrin pariwo.

"Mẹ́wàá," ni Alága wí kíákíá.

"Ẹ fi kún un!"

"Ọgọ́rùn-ún! Ọgọ́rùn-ún méjì! Tanwíji tó dára, tó sanra!"

Mísì dìde. "Ẹ jẹ́ ká lọ wò ó."

Gbogbo ìlú tẹ̀lé wọn dé odò Atúwárá. Alága bọ́ bàtà, ó bọ́ kóòtù méjì, ó wọ inú omi dé itan. Ó ń fi ìgbakọ bu omi, ó ń wò ó, ó ń dà á nù. Ẹ̀yin òǹkàwé, ọkùnrin yìí kò wá tanwíji níbi mìíràn rí ju inú ìkòkò lọ. Kò mọ̀ pé omi tó ń ṣàn kì í ṣe ilé wọn. Ó rìn lọ, ó rìn bọ̀, ó ṣubú lẹ́ẹ̀kan, ó dìde. Nígbà tó yá, wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ń bẹ omi.

"Ẹ jáde, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má bẹ̀rù. Kò sí ìwé ìpẹ̀jọ́ lónìí."

Ẹnì kan kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà gbogbo etí odò bú sẹ́rìn-ín. Alága dúró nínú omi, ó wo àwọn ènìyàn náà títí ojú rẹ̀ fi kan ọmọbìnrin kan tó dúró lẹ́yìn ìyá ìyá rẹ̀.

"Ìyádùnní, ọmọ mi," ni ó wí. Mo gbà pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó pè é bẹ́ẹ̀. "Níbo ni wọ́n wà?"

"Dá a lóhùn," ni Màmá Ràfátù wí.

"Gbogbo rẹ̀ wà nínú ìwé wa, Sà," ni Ìyádùnní wí. "Ẹ ti tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù."

"Ìwé wo?" ni Mísì béèrè.

Àmọ̀dá ti dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ Alága láti òwúrọ̀. Ó ṣí ẹsẹ̀ kan, ó ṣí ìkejì, títí tó fi dé ẹ̀gbẹ́ Mísì.

"Èmi ni mo kọ èyí tí ẹ kà, Mísì," ni ó wí. "Alága ló ní kí n kọ ọ́. Ọwọ́ mi ṣì ń dùn mí." Ó wo ojú òyìnbó náà, ó tún fi kún un pé, "Ìbéèrè tí ẹ bi yẹn dára gan-an, Mísì! Ó dára púpọ̀!"

Mísì na ọwọ́. Alága wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò tó ti rin, ó fi lé e lọ́wọ́. Fàlílù gbà á, ó sì fò lọ bí ọfà tí wọ́n ta.

Kí ó tó dé, Ìyádùnní ti ká aṣọ sókè wọ odò. Kò wo ẹnikẹ́ni. Ó yí òkúta kan padà, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀, ó gbé ewé rírà ẹ̀kúnwọ́ jáde. Ewé náà ń mira. Mísì kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ láti wò ó. Ìṣáwùrú wà níbẹ̀, edé kékeré kan wà níbẹ̀, kòkòrò dúdú tó ń di lámilámi náà wà níbẹ̀. Ó tọ́ka síbi omi tó dákẹ́ lábẹ́ gbòǹgbò igi, ó ní, "Tanwíji wà lọ́hùn-ún, Sà. Kì í sí láàárín odò." Àwọn obìnrin hó yèè bí ẹni pé wọ́n bímọ.

Fàlílù kó ìwé méjèèjì dé. Mísì jókòó sórí gbòǹgbò, ó ka ti Ìyádùnní fún ìgbà pípẹ́. Ó dé ojú ewé ekòló, ó dúró.

"Ogójì ìṣísẹ̀?" ni ó béèrè. "Báwo lo ṣe mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ ni ó lé wọn?"

"Mi ò tíì mọ̀," ni Ìyádùnní wí. "Ọjọ́ Ọjà, wọn kì í rẹ ẹ̀gẹ́. Mo fẹ́ máa wò ó bóyá ìṣáwùrú máa ń sún mọ́ òkè lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ mẹ́rin péré ni mo tíì rí."

"Èmi ni wọ́n ń sọ yẹn o," ni Màmá Ràfátù wí fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Mísì ka ti Fàlílù náà, ó rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀mejì, ó sì pa á dé. Ó ní odò wà láàyè, kí ìlú máa lò ó lọ, àwọn ọmọ méjèèjì sì ti múra. Ó ní kí wọ́n wà ní Àpápá ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù tó ń bọ̀.

"Mísì," ni Alága wí láti inú omi, "ní ti aṣáájú ìrìn-àjò náà…"

"Àyè méjì ni," ni Mísì wí, "akẹ́kọ̀ọ́ méjì ló sì ni ín."

Alhaji Mùsílíù wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Alága," ni ó wí, "ìpàdé Ìgbìmọ̀ wà lọ́la ní aago mẹ́wàá. Ẹ má wulẹ̀ wá. Ọ̀rọ̀ yín la fẹ́ sọ."

Alága jáde sí etí odò. Ó fa ṣòkòtò sókè láti fún omi inú rẹ̀. Ó tọ́ ọ̀fun, ó gbé àgbọ̀n sókè, ó sì ṣí ẹnu.

"Ẹ jọ̀ọ́, Sà, ẹ má mi ẹsẹ̀," ni Ìyádùnní wí.

Eṣúṣú kan ti lẹ̀ mọ́ ọn ní ojúgun, ó gùn tó ìka, ó sì ti yó. Ìyádùnní bẹ̀rẹ̀, ó fi èékánná tú ẹnu rẹ̀ jẹ́jẹ́ kí ó má baà já. Ó sọ ọ́ sínú ìgò. Ó ṣí ìwé rẹ̀ sí ojú ewé tuntun, ó gbé e lé orúnkún, ó kọ ọ́ pé: *Ọjọ́ kẹtàlélógójì. Eṣúṣú kan. Ó wà láàyè. Ibi tí a ti rí i:* Ó dá pẹ́ńsùlù dúró, ó wòkè.

"Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni àbí ti òsì, Sà?"

Alága wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó rọra yí ṣòkòtò rẹ̀ sílẹ̀, ó kó bàtà rẹ̀ sábẹ́ abíyá, ó sì gba ọ̀nà ìlú lọ.